Kíláàsì Mélòó Ló Yẹ Kí Ẹ Ṣí Sílẹ̀? Ìtọ́sọ́nà fún Adarí Eré Orí Tábìlì

Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo darí Dungeons & Dragons, èèyàn márùn-ún ló jókòó yí tábìlì pálọ̀ ká, mo sì to gbogbo ìwé òfin tí mo ní síwájú wọn. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe wọ́n. Mo ní, "Ẹ mú èyí tó bá wù yín." Nígbà tí aago mẹ́sàn-án fi lù, àbúrò mi obìnrin ṣì di pẹ́ńsù mú, ó fi ìka kan sí ojú ewé Sorcerer, ó fi òmíràn sí ojú ewé Warlock, ó ń ṣí i lọ, ó ń ṣí i bọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì yìí gan-an?" Mo ṣàlàyé títí, kò yé e. A ò ju dáìsì kankan lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Méjì nínú àwọn márùn-ún náà kò padà wá mọ́.

Láti ìgbà náà, iye kíláàsì tí mo máa ṣí sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń rò kí n tó ro ìtàn, kí n tó ya àwòrán ilẹ̀, kí n tó mọ irú ẹranko burúkú tí yóò wà nínú ihò. Ohun tí mo rí ni pé kíláàsì kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún tábìlì máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí iye náà fi ṣe pàtàkì, orí ìyẹn ni mo sì gbé gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí lé.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: nínú irú eré yìí, ẹnì kan ni adarí, òun ló ń pa ìtàn, tó ń ṣe ìdájọ́. Àwọn yòókù, ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ló wà lọ́wọ́ wọn. Kíláàsì ló ń sọ iṣẹ́ tí ẹ̀dá náà mọ̀: ṣé idà ló fi ń jẹun ni, àbí ọfọ̀, àbí àdúrà, àbí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Òun náà ló ń sọ dáìsì tí a fi ń ṣírò bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe máa le tó. Dáìsì ojú méjìlá ni ti Barbarian, ojú mẹ́fà ni ti Wizard, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì jọ fi ń wọ inú òkùnkùn.

Bí mẹ́ta ṣe di méjìlá

Ní 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, kíláàsì mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: Fighting-Man, Magic-User àti Cleric. Ológun, onídán, àlùfáà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé àfikún tí wọ́n pè ní Greyhawk mú Thief (olè) àti Paladin (ológun tó jẹ́ ẹ̀jẹ́) wọlé, òmíràn tún mú Monk (ajagun ọwọ́ lásán) àti Assassin (apànìyàn) wá, Druid (ẹni tó mọ ewé àti igbó) sì dé ní 1976. Nígbà tó fi di 1978, ìwé òfin Players Handbook ti ní mẹ́wàá, Bard (olórin) sì fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ìwé gẹ́gẹ́ bí ìkọkànlá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Thief, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Kí Thief tó dé, bí ẹ bá fura pé pàkúté wà nínú yàrá kan, ẹnikẹ́ni ló lè wá a. Ológun á ní, "Mo fi ọ̀pá gún ilẹ̀ níwájú mi." Àlùfáà á ní, "Mo da omi sílẹ̀, mo ń wo ibi tó ń ṣàn gbà." Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, làákàyè ni. Nígbà tí Thief wá dé, ó gbé nọ́ńbà dání: ìdá kan pàtó nínú ọgọ́rùn-ún pé yóò yọ pàkúté, ìdá kan pàtó pé yóò ṣí àgádágodo. Lójú ẹsẹ̀ làwọn yòókù gbé ọ̀pá wọn sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti ní olúwa, ẹlòmíràn kì í fẹ́ dá sí i. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú òfin pé ológun ò gbọdọ̀ wá pàkúté mọ́, àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ tábìlì títí dòní nìyẹn.

Iye náà kò sì máa gòkè nìkan. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀. Àpótí eré ti 1981 tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní méje, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀yà tí wọ́n sọ di iṣẹ́: Dwarf, Elf àti Halfling. Ìwé òfin ti 2000 ní mọ́kànlá. Ti 2008 já a sí mẹ́jọ, ó sì pín gbogbo wọn sí ojúṣe mẹ́rin: ẹni tó ń dáàbò bò, ẹni tó ń fi gbogbo agbára kọlu ọ̀tá, ẹni tó ń gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, àti ẹni tó ń darí ojú ogun. Barbarian, Bard, Druid, Sorcerer àti Monk kò sí nínú mẹ́jọ yẹn. Ó di àwọn ìwé tó tẹ̀ lé e kí wọ́n tó padà. Ti 2014 ní méjìlá, ti 2024 náà ní méjìlá. Pathfinder, eré mìíràn tó jọ ọ́, tó jáde ní ẹ̀dà kejì ní 2019 tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjìlá. Shadowdark ti 2023, eré mìíràn náà, dúró sórí mẹ́rin, tábìlì rẹ̀ sì dùn.

Ẹ wá ṣírò ìwé ti 2024. Kíláàsì 12, ẹ̀yà 10, ìtàn ìgbésí ayé àtẹ̀yìnwá 16. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ lára wọn: 1,920 ọ̀nà ni ẹnì kan lè gbà bẹ̀rẹ̀ ní ìpele kìíní, ẹ ò sì tíì ka ọfọ̀ kan. Èyí lẹ fẹ́ gbé síwájú ẹni tí kò ju dáìsì olójú ogún rí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka èèyàn kí ẹ tó ka kíláàsì

Ẹ mú iye àwọn tí yóò ṣeré, kí ẹ fi méjì kún un. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ ṣí mẹ́fà. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, ẹ ṣí méje. Mo gbìyànjú kí n fi ẹyọ kan kún un, ó há jù. Mo fi márùn-ún kún un, ìdààmú alẹ́ àkọ́kọ́ tún padà. Méjì ló bá a mu, ìdí rẹ̀ ò sì ṣòro: bí èèyàn mẹ́rin bá ń mú nínú mẹ́fà, tí kò sẹ́ni tó mú ohun tí ẹlòmíràn ti mú, ẹni tó máa kẹ́yìn ṣì rí mẹ́ta níwájú rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù kọ́ ló gbà, ó yan tirẹ̀ ni.

Fún àwọn tó ti ń ṣeré láti ọdún pípẹ́, òfin yìí kò dè yín. Wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń wá kí wọ́n tó jókòó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ iṣẹ́ tí ìtàn yín ń béèrè

Ẹ pa ìwé òfin dé. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn yín. Ká ní ìlú àtijọ́ kan ló rì sábẹ́ ilẹ̀, àwọn èèyàn yín sì fẹ́ wọ ibẹ̀. Ta ló máa dúró níwájú nígbà tí ọ̀tá bá yọ? Ta ló máa ṣí ilẹ̀kùn tí ìpàǹtí ti dí? Ta ló máa ka ohun tí wọ́n fín sára ògiri? Ta ló máa wo ọgbẹ́ sàn? Ta ló máa bá àwọn ará abúlé tó wà lókè sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà lé yín? Iṣẹ́ márùn-ún nìyẹn.

Nísinsìnyí ni kí ẹ wá ṣí ìwé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ kíláàsì tó lè ṣe é. Kíláàsì méjì fún iṣẹ́ kan ló dára jù lọ. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ọjọ́ tí ẹni tó mú un bá ní òkú tàbí ìsọmọlórúkọ láti lọ, eré dúró. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, àwọn méjì á kàn máa wo ẹnì kẹta ni. Mo ti jókòó ti tábìlì kan tí Ranger, Rogue àti Monk pàdé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ bí a ṣe ń yọ́ lọ wo ohun tó wà níwájú. Ẹni tó ní nọ́ńbà tó ga jù ló ń lọ ní gbogbo ìgbà, àwọn méjì yòókù sì ń tẹ fóònù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́rin

Fighter (ológun), Cleric (àlùfáà), Rogue (orúkọ tuntun fún Thief), Wizard (onídán). Ìpìlẹ̀ nìyí, kò sì sí owó nínú rẹ̀: ìwé òfin ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi tẹ̀ lé ẹ̀dà 2014, mẹ́rin yìí gan-an ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wà á jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ pín in. Bí ẹ bá fẹ́ méjìlá lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé ìtọ́kasí òfin 5.1 ti wà lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons (tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó) láti oṣù kìíní 2023, kíláàsì méjìlá ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀ka kan ṣoṣo (ìyẹn ọ̀nà àkànṣe tí ẹ̀dá ń yàn nínú kíláàsì rẹ̀) fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn ẹ̀ka kan ṣoṣo yẹn fún àwọn tuntun, ó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ìpinnu tí wọn ò tíì ní ojú láti ṣe.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí orúkọ. Ẹ má pe Rogue ní olè fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan tó bá wa jókòó lọ́jọ́ kan gbé bébà náà padà fún mi: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n jalè, ọmọ mi, ì báà ṣe eré." Nígbà tí mo sọ pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún ni, tó ń rí ohun tí ojú ẹlòmíràn fò, wọ́n gbà á, wọ́n sì gbádùn rẹ̀ ju gbogbo wa lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi gbólóhùn Yorùbá kan dán kíláàsì kọ̀ọ̀kan wò

Ìgbésẹ̀ yìí ló tún tábìlì mi ṣe, ẹ má fò ó. Kí ẹ tó fi kíláàsì karùn-ún kún mẹ́rin yẹn, ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kan, lédè Yorùbá, sí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa eré yìí. Bí gbólóhùn náà ò bá jáde, ẹ fi kíláàsì náà sílẹ̀ ná.

Ẹ wo Wizard, Sorcerer àti Warlock. Bí ẹ bá wá orúkọ fún wọn, oṣó ni gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tó dà mí rú níwájú àbúrò mi nìyẹn. Àmọ́ bí ẹ bá fi orúkọ sílẹ̀ tí ẹ mú ìṣe, ó yọ kedere: Wizard kọ́ ọ nínú ìwé. Sorcerer, wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Warlock bá nǹkan kan mulẹ̀. Ẹ̀kọ́, àbímọ́, ìmùlẹ̀. Àlùfáà ń sìn, Ọlọ́run rẹ̀ sì ń dá a lóhùn. Paladin jẹ́ ẹ̀jẹ́, ẹ̀jẹ́ náà ló ń gbé e ró. Bard fi ohùn rẹ̀ gbé ọkàn ẹlòmíràn sókè. Barbarian, ìbínú rẹ̀ ni ìhámọ́ra rẹ̀.

Druid àti Ranger ló máa fún yín ní wàhálà níbí, mi ò ní purọ́. Létí Yorùbá, ẹni tó mọ igbó, tó mọ ewé, tó ń tọpasẹ̀ ẹran, tó sì ń sun ìjálá, ẹnì kan ṣoṣo ni: ọdẹ. Ìwé òfin ti gé ọdẹ sí ọ̀nà mẹ́ta, ó fún Ranger ní ipasẹ̀, ó fún Druid ní ewé, ó fún Bard ní ohùn. Bí ẹnì kan lórí tábìlì yín bá fẹ́ ṣe ọdẹ, ẹ bi í léèrè èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹ́ máa ṣe jù, kí ẹ ṣí ìyẹn nìkan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe

Kíláàsì méjì lè yàtọ̀ lẹ́nu, kí wọ́n má yàtọ̀ lọ́wọ́. Ẹ bi ara yín: nígbà tó bá kan ẹni yìí láti ṣe nǹkan, kí ló máa ṣe tí ẹlòmíràn ò lè ṣe? Ọfọ̀ Sorcerer àti ti Wizard bára wọn mu lọ́pọ̀lọpọ̀, dáìsì ẹ̀mí wọn sì jẹ́ ọ̀kan. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú bí wọ́n ṣe ń tún ọfọ̀ pa láró, ìyẹn sì máa ń gba ẹni tuntun ní oṣù mẹ́ta kó tó rí i. Nítorí náà, lórí tábìlì àwọn tuntun, mo máa ń mú ọ̀kan nínú wọn. Warlock yàtọ̀ ní tiẹ̀: ọfọ̀ rẹ̀ kéré níye, àmọ́ wákàtí kan tó bá fi sinmi ti tó fún un láti gbà wọ́n padà, nígbà tí Wizard ní láti sùn mọ́jú. Ìyẹn hàn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí Warlock wà nínú rẹ̀ á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sinmi díẹ̀, Wizard á sì máa fi ọfọ̀ rẹ̀ pamọ́ bí ẹni tó ń fi owó oṣù jẹun dé òpin oṣù.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí èèyàn ń béèrè kò gba kíláàsì tuntun. Ó gba aṣọ tuntun. Fighter tó mú ọ̀nà ìjà tafàtafà, tó ń fi méjì kún dáìsì rẹ̀ bó bá ta ọfà, ọdẹ ni bí ẹ bá wọ̀ ọ́ ní aṣọ ọdẹ. Òfin kan ò yí padà. Mo ti fi ọgbọ́n yìí dáhùn ìbéèrè mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí wọ́n ń bi mí pé, "Ṣé kò sí kíláàsì tó ń ṣe báyìí ni?"

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí èèyàn méjì bá fẹ́ ẹyọ kan

Ẹ má fi dandan lé e pé kí ẹnì kan yẹ̀ fún ẹnì kejì. Ẹ lo ẹ̀ka. Nínú ìwé ti 2014, ẹ̀ka 40 ló wà, ṣùgbọ́n wọn kò pín in dọ́gba: Wizard ní 8, Cleric ní 7, Barbarian ní 2 péré. Ìwé ti 2024 sọ ọ́ di 4 fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, ó sì sún ìpinnu náà dé ìpele kẹta fún gbogbo wọn. Mo rò pé ohun tó dára jù lọ tí wọ́n ṣe nínú ìwé yẹn nìyí. Àwọn méjì lè jọ bẹ̀rẹ̀ bíi Cleric, kí wọ́n ṣeré fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí wọ́n bá fi dé ìpele kẹta ìwà wọn á ti sọ ẹ̀ka tó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ẹ bá fẹ́ yọ kíláàsì kúrò

Ẹ sọ ọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má yọ kíláàsì tí ẹnì kan ti ń lò lọ́wọ́, ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ lẹ fẹ́ pa yẹn. Kí ẹ sì san gbèsè iṣẹ́ tó bá lọ. Bí ó bá jẹ́ ayé tí àwọn òrìṣà rẹ̀ ti dákẹ́ lẹ fẹ́, tí Cleric kò sí níbẹ̀, ta ló kù tó ń woni sàn? Ẹ jẹ́ kí oògùn ìwòsàn wà ní ọjà pẹ̀lú owó tí ọwọ́ lè tó. Dáìsì olójú mẹ́rin méjì pẹ̀lú méjì ló ń dá padà, kò pọ̀, àmọ́ ó ń gbéni dìde. Ẹ fún wọn láyè ìsinmi wákàtí kan léraléra. Adarí tó yọ àlùfáà tí kò fi nǹkan rọ́pò rẹ̀ yóò sin ẹ̀dá mẹ́ta kí oṣù tó parí.

Àwọn eré kan ò lo kíláàsì rárá: RuneQuest ti 1978, GURPS ti 1986. Níbẹ̀, ìmọ̀ lẹ ń rà ní ẹyọ ẹyọ. Ó dùn fún ẹni tó ti mọ irú ẹ̀dá tó fẹ́. Ẹni tí kò tíì mọ̀ nílò ilẹ̀kùn tó ní orúkọ lára.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ jẹ́ kí ìtàn ṣí ìyókù

Àwọn kíláàsì tí ẹ kò ṣí ní alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ má sọ wọ́n nù. Ẹ fi wọ́n pamọ́ sínú ayé náà. Àwọn ajagun kan wà lórí òkè tó ń fi ọwọ́ lásán jà. Ẹni tó bá gun òkè yẹn lè di Monk, tàbí kí ẹ̀dá tó máa ṣe lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bá kú ti ibẹ̀ wá. Òfin gbà kí ẹ̀dá mú ìpele nínú kíláàsì mìíràn bí ó bá ní nọ́ńbà 13 nínú agbára (bí okun tàbí ọgbọ́n) tí kíláàsì méjèèjì gbára lé. Ẹ ṣàyẹ̀wò nọ́ńbà yẹn kí ẹ tó ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo tún tábìlì wa tò, èèyàn mẹ́rin ló wá, mo sì ṣí mẹ́fà: mẹ́rin ìpìlẹ̀, Paladin àti Bard. Ká tó jẹun tán, gbogbo wọn ti kọ orúkọ sórí bébà. Àbúrò mi mú Rogue. Ní ìjókòó kẹfà, ẹ̀dá rẹ̀ já sínú kànga kan tó gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, okùn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì tó ìsàlẹ̀. Mo ní kí ó gbọ́ ohùn kan láti inú òkúta: yóò gbé e jáde, bí ó bá lè ṣèlérí ohun kan tí kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn yòókù ń pariwo pé kó má gbà. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó gbà.

Ó wo ojú mi, ó fa ìwé sọ́dọ̀. Kò ṣí i lọ, kò ṣí i bọ̀. Ojú ewé Warlock ló lọ tààrà, ó gbé pẹ́ńsù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi àti kànga yìí ti mulẹ̀ nìyẹn, àbí?"